Sẹ́ńsọ̀ Tí Wọ́n Ní Bàbá Àgbà Pààrọ̀

"Tẹ̀ ẹ́! Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́, àbí oorun lò ń sùn níbẹ̀ ni?"

Abẹ́ ọkọ̀ ni ohùn bàbá àgbà ti ń wá. Èmi ni mo wà ní àyè awakọ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ sítíárìn, nítorí pé bí mo bá jókòó dáadáa, ẹsẹ̀ mi kì í kan irin tí a ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè gbé ohùn sókè. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà bú ramúramù, èéfín dúdú rọ́ jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó gba orí àpáta lọ sí ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ará ilé kejì sá aṣọ sí. Obìnrin kan pariwo láti òdìkejì ògiri pé, "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ṣé ẹ fẹ́ sọ aṣọ ọkọ mi di aṣọ eléèédú ni?" N kò rí obìnrin náà, n kò rí bàbá àgbà, n kò sì rí ọ̀nà níwájú. Ohun kan ṣoṣo tí ó dọ́gba pẹ̀lú ojú mi ni iná kékeré kan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, iná aláwọ̀ ọsàn tí ó kọ̀ tí kò kú.

"Ṣé ó ti kú?" ni bàbá àgbà bèèrè.

"Kò kú o, Bàbá."

"Iná wo gan-an lò ń wò? Ṣé iná epo ni, àbí ti Amẹ́ríkà?"

"Ti Amẹ́ríkà ni. Ó ń wò mí."

Ó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọkọ̀, ó wúkọ́, ó wá fi sípánà gbá àpáta. Irin lórí òkúta: ìró yẹn ni gbogbo ilé fi ń mọ̀ pé inú ti ń bí i.

Bàbá tó bí ìyá mi ni bàbá àgbà yìí, àdúgbò Igbein ni ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà. Mẹkáníìkì ni. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni ó ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àpáta méjì ti yọ láti inú ilẹ̀ tí àlàfo sì wà láàárín wọn, àlàfo tí èjìká ọkùnrin lè gbà. Yóò wa ọkọ̀ gun orí wọn, táyà ọ̀tún lórí ọ̀kan, táyà òsì lórí èkejì, yóò sì rá wọ àlàfo náà lọ bí ẹni tí ó ń wọ yàrá rẹ̀. Gírísì àti ògbólógbòó epo ẹ́ńjìnnì ti mu àpáta náà yó débi pé bí òjò bá rọ̀ sórí rẹ̀, ńṣe ni omi ń yí kúrò. Láàárọ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti Ewékorò wá á dúró sí ojú ọ̀nà, a ó yọ àwọn àsẹ́ ẹ́ńjìnnì wọn, a ó gbọn ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì dànù títí irun orí wa yóò fi funfun. Ìyá àgbà a máa sọ pé òun bá arúgbó méjì lábẹ́ orùlé kan náà, ọ̀kan tí kò tíì ní eyín iwájú.

Ó ní ìwà kan tí ó máa ń sú àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò sí ohun tí yóò yọ lára ọkọ̀ ènìyàn tí kò ní dá padà fún ẹni tí ó ni ín. Ì báà jẹ́ púlọ́ọ̀gì tí ó ti jóná, ì báà jẹ́ bẹ́líìtì tí ó ti já, yóò fi ìwé ìròyìn wé e, yóò gbé e fún oníbàárà, yóò ní, "Ẹ gba òkú yín." Ẹni tí ó bá ní kí ó sọ ọ́ nù yóò dúró pẹ́. "Ẹ wò ó ná. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé tiyín nìyẹn? Ó dáa, ẹ máa gbé e lọ, ẹ lọ sin ín." Kò ní fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ títí yóò fi wò ó. Bí àwọn mẹkáníìkì rere gbogbo ti ń ṣe nígbà náà nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n gba tuntun, wọ́n sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ọkùnrin tí ó ń ṣe báyìí ní ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni ìlú wá pè ní Bàbá Pààrọ̀. Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ oníná yẹn jẹ́ ọmọ ilé onígbàgbọ́ kan ní Igbein kan náà. Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ó padà wálé wá di olùkọ́ àwọn olùkọ́, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi kó ọkọ̀ tí ó ti ń lò níbẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́ wálé. Ìgbà náà jẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ológun tún gba ìjọba, tí nǹkan òkè òkun kò ṣeé rí rà mọ́. Ọ̀gá Amẹ́ríkà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí, nítorí ìdájọ́ òdodo ni mo ń wá, kì í ṣe ẹ̀san. A máa dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àgbà ní ojú títì, pẹ̀lú táì lọ́rùn, a sì máa ra búrẹ́dì fún mi.

Ohun tí iná náà ń sọ nípa rẹ̀ kò ju gígùn ìka lọ. Ó jọ púlọ́ọ̀gì, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń gbé. Ara páìpù tí èéfín ń gbà jáde ni wọ́n dè é mọ́, níbi tí páìpù náà ti gbóná jù lọ, wáyà kan ṣoṣo sì jáde ní ìdí rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ́ èéfín wò bí ahọ́n, kí ó sì sọ fún ọkọ̀ bóyá epo tí ó ń mu ti pọ̀ jù. Bí ó bá ti gbó, tí kò mọ ohun tí ó ń tọ́ wò mọ́, ọkọ̀ yóò máa mu epo ṣáá, yóò máa tu èéfín dúdú, iná yóò sì tàn. Bàbá àgbà kò rí irú rẹ̀ rí. Sàléńsà ni àwa ń pe páìpù èéfín, nítorí náà púlọ́ọ̀gì sàléńsà ni ó pè é, orúkọ yẹn ni gbogbo wa sì ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń pa á kí n tó lọ jìnnà, nítorí n kò pa àlọ́. Òjé ni. Òjé wà nínú gbogbo epo bẹntiróòlù tí a ń tà ní Nàìjíríà nígbà náà, òjé yìí a sì máa bo orí sẹ́ńsọ̀ títí yóò fi kú. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀. Wọ́n ṣe ẹnu táǹkì rẹ̀ tínínrín kí ẹnu ọ̀pá tí wọ́n fi ń rọ epo olójèé, tí ó tóbi jù ú lọ, má baà rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀gá Amẹ́ríkà kà á sí wa létí, ó ní, "Wọ́n ní irú epo kan ni kó máa mu. Irú ẹ̀ ò sí nílùú yìí, Bàbá. Kí la fẹ́ ṣe?" Kí ni a ṣe? Bàbá àgbà gé agolo mílíìkì, ó yí i di àrọ tí ìdí rẹ̀ tínínrín, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, inú búùtù ni àrọ náà ń gbé. Ọkọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ kọ̀, àwa ni a rọ ọ́, bí ìgbà tí ìyá ń rọ ọmọ lágbo. Bí mo bá rántí àtẹ́wọ́ yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Nígbà tí iná kọ́kọ́ tàn, Ọ̀gá Amẹ́ríkà kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ tí ó wà lókè òkun, ìyẹn sì fi sẹ́ńsọ̀ tuntun rán ẹni tí ń bọ̀ nílé. Títú èyí tí ó ti gbó kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ó ti lẹ̀ mọ́ páìpù. Bàbá àgbà ní kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ títí irin yóò fi gbóná, ó da epo bíréèkì sí ìdí rẹ̀, èéfín kíkorò ta sí wa lójú, ó fi sípánà há a, ó sì fi gbogbo ara rẹ̀ fà á. Apá rẹ̀ kan páìpù. Ó pariwo, ó pe orúkọ Ọlọ́run, ó tún fà á. Gbogbo apá rẹ̀ kún fún àpá irú ìjóná bẹ́ẹ̀, àwọn kan dúdú, àwọn kan pupa, tí mo máa ń fi ìka tọ̀ bí ó bá ń sinmi. Nígbà tí ó tú u tán, tí ó de tuntun, iná kú. Ọ̀gá Amẹ́ríkà yọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò bá wá sí Amẹ́ríkà."

"Kí n wá jẹ kí ni níbẹ̀?" ni bàbá àgbà dáhùn. "Ẹ gba òkú yín."

Oṣù díẹ̀ ni, iná tún tàn. Wọ́n tún rán òmíràn wá. Bàbá àgbà tú èyí tí ó dè tẹ́lẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé e gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì fà á lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́. Ọ̀gá Amẹ́ríkà tú ìwé náà. Ó wò ó pẹ́.

"Bàbá, èyí ti gbó."

"Ó gbó mọ̀nà. Ṣebí òkú ni."

"Rárá, Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Tuntun ni mo gbé fún yín. Ó ń dán. Kò tíì pé ọdún. Èyí ti dípẹtà, orí rẹ̀ ti di eérú. Ẹ wò ó, ó dà bíi pé ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán."

"Ohun tí mo dè ni mo tú."

Ọ̀gá Amẹ́ríkà tún fi ìwé náà wé e. Ó kí wa, ó lọ. Ṣùgbọ́n kò ra búrẹ́dì ní ọjọ́ náà, ojú ọmọdé mi sì rí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá ti bàbá àgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń fọ̀ ọ́ mọ́ ju bó ti yẹ lọ. Kí ó tó gbà pé ohun náà ti kú, a máa kọ́kọ́ tú u láti tún un ṣe. A máa fi sáńpépà ha orí rẹ̀, a máa bọ̀ ọ́ sínú agolo bẹntiróòlù, a máa fi ẹnu fẹ́ ẹ, bí ó ti ń ṣe fún púlọ́ọ̀gì láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ iṣẹ́. Ohun tí ó pa á gan-an ni ó ń fi wẹ̀ ẹ́! Bí mo bá ń rò ó báyìí, n kò mọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ bínú sí. Gbogbo wa ni a ń fi ọkàn rere pa ohun náà lọ.

Èyí ẹ̀kẹta ni ó da ọ̀rọ̀ rú. Ọ̀gá Amẹ́ríkà gbé e wá nínú páálí rẹ̀, kò dúró, ó ní òun ní iṣẹ́. Bàbá àgbà ní, "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n dè é lójú yín." Ó ní, "Mo fọkàn tán yín, Bàbá," ó sì lọ. Nígbà tí a ṣí páálí náà, ìlà pupa kan yí ọrùn sẹ́ńsọ̀ náà po, ó pupa fòò, ó ń dán.

"Bàbá, ó kun èékánná!" ni mo wí.

"Ta ló kun èékánná?"

"Púlọ́ọ̀gì yìí. Ẹ wò ó, bí ìyàwó tuntun."

Bàbá àgbà gbé e sókè sí oòrùn. "Àwọn òyìnbó yìí fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́ jù. Lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i!" Ó rò pé láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́ ni ó ti pupa wá. Ó dè é mọ́ páìpù, iná kú, ó gbé òkú ti tẹ́lẹ̀ sínú búùtù, pẹ̀lú àrọ.

Kútẹ́ẹ̀sì ni pupa náà, ọ̀dà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná. Ìyàwó Ọ̀gá Amẹ́ríkà ni ó kùn ún, kí wọ́n lè fi mú olè.

Ó tún di oṣù díẹ̀, iná tún tàn. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gá Amẹ́ríkà kò dá wá. Ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wa náà sì wà pẹ̀lú wọn, ọkùnrin olóhùn jẹ́jẹ́ kan tí bàbá àgbà kọ́ níṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí bàbá àgbà tú u níṣojú àwọn. Ó tú u. Ó fi àkísà nù ún, ó sì gbé e sílẹ̀ lórí àpáta. Ó ti dípẹtà, kò sí pupa kankan lára rẹ̀.

"Bàbá," ni Ọ̀gá Amẹ́ríkà wí, "ṣé ẹ rí àmì kankan lára èyí tí mo fún yín?"

Ì bá dára bí ó bá ní òun kò rí nǹkan kan! Ṣùgbọ́n bàbá àgbà kò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Mo rí i. Pupa kan wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ mi yìí náà rí i."

"Ẹ gbọ́ o!" ni ìyàwó náà wí. "Ó rí i!"

"Pupa náà wá dà, Bàbá?"

Bàbá àgbà gbé irin náà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná họ ọ́. Mo rí i pé ó ń wá a ní tòótọ́. "Nígbà tí mo dè é, ó wà níbẹ̀," ni ó wí. "N kò mọ ibi tí ó gbà."

"Bóyá ó wọkọ̀ lọ sí Ọdẹ́dà," ni ẹnìkan nínú àwọn tí ó ti pé jọ wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi wò ó. Ọkùnrin tí ó kàwé dé Amẹ́ríkà ni ó dúró níbẹ̀. Alága àwọn mẹkáníìkì ni ó dúró níbẹ̀. Bàbá àgbà, tí gbogbo apá rẹ̀ kún fún àpá páìpù gbígbóná, ni ó dúró níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé báwo ni ọ̀dà èékánná yóò ṣe pẹ́ lára irin tí ó lè dín ẹran. Èyí tí ó kàwé kò rò ó, èyí tí kò kàwé kò rò ó.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, lábẹ́ àtíbàbà wọn, ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọn kì í ṣiṣẹ́. Mo tẹ̀lé bàbá àgbà lọ nítorí ẹlẹ́rìí ni mo ka ara mi sí. Òórùn táyà jíjó àti ti ẹ̀pà yíyan wà níbẹ̀. Bàbá àgbà wọ agbádá tí ó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ́ọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé Kùránì wá, òun yóò búra. Ọ̀gá Amẹ́ríkà ní òun kò ní kí ẹnikẹ́ni búra, àlàyé lásán ni òun ń fẹ́. Bàbá àgbà kò sì ní àlàyé.

Mo dìde. Mo ní, "Mo rí pupa náà! Èmi ni mo mú sípánà fún Bàbá, kò pààrọ̀ ẹ̀!"

"Ìwọ, jókòó," ni wọ́n wí. "Ta ló bi ọ́? Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé lò ń kà yẹn."

Alága wá sún mọ́ bàbá àgbà, ó fi ọwọ́ kan an ní orúnkún. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́. Ẹ ṣáà bẹ̀ ẹ́."

"Kí ni mo ṣe tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ta ló ní ẹ ṣe nǹkan? Ẹ kàn ní 'ẹ má bínú', kó tán. Kí ni yóò yọ lára yín?"

"Bó bá jẹ́ pé n kò ṣe nǹkan kan, kí ni kó má bínú sí?"

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó le báyìí. Nítorí Ọlọ́run. Nítorí tiwa."

Gbogbo wọn sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́, Bàbá. Ẹnu lásán ni. Ọ̀rọ̀ tútù ni. Àgbà ni yín. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kí ó bẹ̀bẹ̀, bíi pé ojú rere ni wọ́n ń ṣe fún un, ó sì dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò ó nínú ọkàn wọn. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí fìlà, ó tẹ ara sílẹ̀ fún ọkùnrin tí ó lè bí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú."

Ọ̀gá Amẹ́ríkà fò dìde, ó dì í mú lápá méjèèjì. "Háà, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, ọmọ yín ni mí. Ó ti tán. Ó ti tán pátápátá." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n ti parí ìjà.

Nígbà tí a dé ilé, ó ń fi ọṣẹ àti ìyẹ̀fun pákó fọ ọwọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Mo ń bu omi sí i.

"Kí ló dé tí ẹ bẹ̀ ẹ́, Bàbá?"

"Wọ́n ní yóò tán."

Kò tán. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kò gbọ́ pé wọ́n pa ìjà rẹ́. Ohun tí ìlú gbọ́ ni pé ó bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò jalè, kí ni ó ń ṣí fìlà fún? Awakọ̀ takisí kan tí ó ti ń gbé ọkọ̀ wá fún wa kí wọ́n tó bí mi gbé ọkọ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sì rí i tí ó ń fi ẹfun sàmì sí bátìrì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Bàbá àgbà náà rí i. Kò bá a jà. Ó ṣe iṣẹ́ náà tán, ó fi ìwé ìròyìn wé púlọ́ọ̀gì tí ó yọ, ó nà án sí i, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ̀rọ̀ òkú yẹn mọ́. Àwọn òbí wá kó àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ìkíni tí ó gùn. Ní ilé ìwé, bí mo bá ti wọlé, àwọn ọmọ yóò kó bàtà wọn mọ́ra, wọn yóò máa ké pé, "Pààrọ̀-pààrọ̀, má pààrọ̀ bàtà mi o!" Mo bá wọn jà, olùkọ́ nà mí, mo tún bá wọn jà. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò mú sípánà mọ́, bàbá àgbà ní kí n ràn án lọ́wọ́ títí sáà yẹn yóò fi parí. N kò padà sí ilé ìwé mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ètè mi ṣì ń gbọ̀n bí mo bá ń ka lẹ́tà.

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà náà, mẹkáníìkì mìíràn fi bóòtì dí ojú ihò sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ó já wáyà iná rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó lọ pẹ̀lú èéfín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ parí bẹ́ẹ̀. Orúkọ kò parí. Ní ọjọ́ tí a sin bàbá àgbà, àlejò kan bèèrè ọ̀nà ilé wa ní ìta, ọkùnrin kan tí kò ní èrò ibi kankan sì nawọ́, ó ní, "Ilé Bàbá Pààrọ̀? Ẹ yà sí ọ̀tún."

Mo di awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti yọ òjé kúrò nínú epo, kí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan ní ọ̀nà Ọdẹ́dà sì tó ṣàlàyé fún mi ohun tí òjé ń ṣe sí sẹ́ńsọ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Mo jókòó sórí táyà kan, mo ní kí ó tún un sọ. Nígbà tí mo délé, mo mú kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi, mo fi kun páìpù èéfín ọkọ̀ mi, mo sì lọ gbé ẹrù kan. Nígbà tí mo dé, kò sí pupa. Eérú díẹ̀ ni mo bá, ó sì bọ́ nígbà tí mo fi ìka kàn án.

Mo lọ sí ilé Ọ̀gá Amẹ́ríkà. Ó ti darúgbó, ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Wọ́n fún mi ní omi tútù. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, ti òjé àti ti kútẹ́ẹ̀sì. Mo ní ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n bá mi dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, kí wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀, kí àwọn ènìyàn gbọ́, pé bàbá náà kò jí nǹkan kan.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi náà ti rò ó," ni ó wí. "Kò pẹ́ sígbà náà. Mo ń dáná, díẹ̀ lára kútẹ́ẹ̀sì mi kán sára sítóòfù, ó sì jó lọ lójú mi. Mo sọ pé, háà, ṣé kì í ṣe báyìí ni? Ṣùgbọ́n Bàbá ti bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ní kí n tún máa tú u sílẹ̀ kí ló dé?"

Ọkọ rẹ̀ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi. "Ta ló kù nínú wọn, ọmọ mi? Alága ti kú. Ta la fẹ́ lọ sọ ọ́ fún?"

"Èmi ṣì wà, sà. Àwọn tí ń pè wá ní Pààrọ̀ náà ṣì wà."

Ó fi ọwọ́ ti àga, ó dìde díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú. Gbogbo ilé yín, ẹ má bínú sí wa." Ó sì tún jókòó.

Ó rọrùn fún un. Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìkíni. Mo rántí bí ó ti pẹ́ tó lẹ́nu ẹni tí kò ṣẹ̀ kí ó tó jáde. Àwọn méjèèjì ń wò mí, wọ́n ń dúró de èsì tí gbogbo wa mọ̀, èsì tí òun fúnra rẹ̀ sọ lábẹ́ àtíbàbà yẹn, pé ó ti tán. Mo mu omi mi tán, mo kí wọn, mo jáde.

Ìyàwó mi ní mo le jù. Ó ní bí a bá jà, n kì í bẹ̀bẹ̀ títí n ó fi mọ ohun tí mo ṣe gan-an, n kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi "ẹ má bínú" ra àlàáfíà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá ń pa ìjà ní àdúgbò, tí ó sọ fún ẹni tí kò jẹ̀bi pé kí ó ṣáà bẹ̀bẹ̀, mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní agídí ni. Kì í ṣe agídí. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá àgbà nìyẹn, láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé òun ń fún mi. Ọ̀gá Amẹ́ríkà ṣì wà láàyè, ó ṣì lè sọ̀rọ̀, ibi ìpàdé àwọn mẹkáníìkì kò sì jìnnà sí ilé rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá dúró ní gbangba níbẹ̀, tí ó sọ pé bàbá náà kò jí nǹkan kan, ni n ó dá a lóhùn.